Iṣẹ́ Ẹrú, Jíjẹ́ Ọmọ: Lórí Yíyan Anpilifáyà fún Hẹ́dífóònù Olóòfà Pẹlẹbẹ

Òwe méjì ni àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa lórí iṣẹ́ jíjẹ́, bí a bá sì fi ara balẹ̀ gbé wọn yẹ̀ wò, a ó rí i pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà. Èkíní ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá ṣe rán iránṣẹ́ ni kí ó ṣe jẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ sí i, kò sì gbọdọ̀ yọ ata kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó ń gbọ́ ọ fa ojú ro. Èkejì ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ní tirẹ̀ fi àyè gba iránṣẹ́ láti lo làákàyè, kí ó mú ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le rọ̀ díẹ̀ kí ó tó dé etí ẹni tí a rán an sí.

Bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ anpilifáyà ni mo fẹ́ fi òwe méjèèjì yìí gbé kalẹ̀, ẹlòmíràn lè rò pé àdá ńlá ni mo fẹ́ fi pa ìgbín. Ṣùgbọ́n kí ni anpilifáyà bí kì í bá ṣe iránṣẹ́? Ohùn tí ó ń ti inú àwo orin tàbí kọ̀ǹpútà bọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní agbára tí ó lè fi mi nǹkan kan. Anpilifáyà ni ó gba iṣẹ́ náà, tí ó fi agbára kún un, tí ó sì jẹ́ ẹ fún hẹ́dífóònù tí a dé mọ́ etí. Irú iránṣẹ́ wo ni a ń wá? Èló ni ó sì yẹ kí á san fún un? Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí ní àìmọye ìgbà níwájú àwọn ènìyàn, mo sì ti ṣì í dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama wá bá mi nílé ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi hẹ́dífóònù Audeze LCD-X àlòkù kan ránṣẹ́ sí i, àjọ tí ó sì ti ń dá láti ọdún méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. "Bùọ̀dá mi," ni ó wí, "irú anpilifáyà tí ẹ ní ni mo fẹ́ rà. Ẹ ti sọ ọ́ lójú mi pé láìsí irú rẹ̀, hẹ́dífóònù olóòfà pẹlẹbẹ kò lè jí lójú oorun." Ó ka ọ̀rọ̀ mi padà fún mi bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Mo wo owó náà nínú àpò ìwé tí ó gbé lé orí tábìlì. Owó ilé ìwé ọmọ méjì wà nínú rẹ̀, owó òrùlé tí ó ń jò sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu mi gbẹ, nítorí pé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí mi tí n kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí n tó sọ ohun náà, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí à ń pè ní olóòfà pẹlẹbẹ. Hẹ́dífóònù tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ní ike róbótó kan nínú, tí a lẹ wáyà kíká mọ́ ní ìdí. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà náà kọjá níwájú òòfà, á máa ti ike náà síwá sẹ́yìn láti ìdí rẹ̀. Ti olóòfà pẹlẹbẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni a nà bí a ti ń na awọ ìlù, tí a sì tẹ́ irin tíntín tí iná yóò máa gbà sí ojú rẹ̀ káàkiri. Òòfà wà ní tòsí awọ náà, nígbà mìíràn níwájú àti lẹ́yìn, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí iná bá ń kọjá, ojú awọ náà látòkè délẹ̀ ni ó ń mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yamaha gbé irú rẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ HP-1 jáde ní 1976, Mario Bellini ará Ítálì ni ó sì ṣe ètò ìrísí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀ dín kù lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí Audeze àti HiFiMan gbé tiwọn jáde ní nǹkan bí 2009 sí 2010 ni ó tó tún gbilẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ ti ń gun òkè. Nígbà tí HiFiMan gbé Susvara jáde ní 2017, 6,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á.

Ohun tí ó mú ènìyàn fẹ́ràn wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Béèsì wọn a máa lọ sílẹ̀ jìnnà láì wú. Bí ìyá ìlù bá ń sọ̀rọ̀, a ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, a ó sì gbọ́ omele lẹ́yìn rẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Fún àwa tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ létí wa, kì í ṣe ohun kékeré ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ohun èlò bá ti dára tó báyìí, ìbẹ̀rù a máa wọ inú ẹni tí ó ni ín: ǹjẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń tì í tó o? Inú ìbẹ̀rù yìí ni gbogbo ọjà anpilifáyà olówó gọbọi ti ń jẹun.

Ìṣirò kan wà tí ó lè lé ìbẹ̀rù náà lọ, kò sì ju ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Àwọn tí ó ń ṣe hẹ́dífóònù a máa sọ bí ohùn rẹ̀ yóò ti ròkè tó bí a bá fún un ní mílíwáàtì kan péré, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì. HE-6 tí HiFiMan gbé jáde ní 2010, èyí tí èmi fúnra mi ní, ń fi mílíwáàtì kan mú ohùn dé 83.5 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. LCD-X ti àbúrò mi ń fi mílíwáàtì kan náà mú un dé 103. Nínú ìṣirò dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, bí a bá fẹ́ fi 3 kún ohùn, ìlọ́po méjì agbára ni a nílò; bí a bá sì fẹ́ fi 10 kún un, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé a fẹ́ kí ìró tí ó le jù lọ nínú orin kan dé 110 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. HE-6 yóò gba nǹkan bí 450 mílíwáàtì. LCD-X yóò gba 5. Àwọn méjèèjì jẹ́ olóòfà pẹlẹbẹ, wọ́n sì jọ ń jókòó lórí pẹpẹ kan náà lọ́jà, ṣùgbọ́n ebi ọ̀kan fi nǹkan bí ìlọ́po àádọ́rùn-ún ju ti èkejì lọ.

Ẹni tí ó bá sọ pé "hẹ́dífóònù olóòfà pẹlẹbẹ nílò anpilifáyà ńlá" dà bí ẹni tí ó sọ pé ará Ìjẹ̀bú ni ó ń jẹ gààrí jù. Ará Ìjẹ̀bú wo? HE-6, tí agbára ìdènà rẹ̀ jẹ́ 50 óòmù, ń fẹ́ nǹkan bí fóòtì márùn-ún kí ó tó dé ibi tí mo sọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ lè tú iná tí ó pọ̀ jáde pẹ̀lú. LCD-X, tí ó jẹ́ 20 óòmù, kò fẹ́ ju ìdá mẹ́ta fóòtì kan lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò kékeré tí a ń fi bọ ìdí fóònù lè fún un ní iye yẹn, kí ó sì tún ṣẹ́ kù.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ta ni ó ń gbọ́ orin ní 110 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì? Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ohùn orin kì í dúró lójú kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin bá ń ṣeré ní ìwọ̀n 80, kọ̀ǹgọ́ tí ó bà lé awọ ìlù lójijì lè fò sókè dé 100, ìyẹn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún agbára tí a ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó ṣáájú. Anpilifáyà tí agbára rẹ̀ bá tán ní ibẹ̀ yóò gé orí ìró náà pẹlẹbẹ, ìlù yóò sì dún bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí a fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Nítorí náà, agbára kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Ààyè tí a fi sílẹ̀ fún ìró òjijì ni. Mo fara mọ́ àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbọ́ bí HE-6 mi ti ń tiro nígbà tí mo fi sí ìdí fóònù lásán. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo rò pé bí agbára bá ti tó, tí a tún fi owó kún owó, ohùn yóò máa dára sí i láìdáwọ́ dúró.

Èyí ni ó gbé mi dé ibi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti ra anpilifáyà ńlá kan, owó rẹ̀ tó owó ọkọ̀ àlòkù, mo sì ti kọ ìyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́. Mo ní ohùn rẹ̀ "dúdú bí òru ààjìn". Mo ní ó "fẹ̀ bí pápá", ó "jinlẹ̀ bí kànga", ó sì "mú ẹ̀jẹ̀ wọ inú egungun orin". Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà rédíò ka ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé anpilifáyà kékeré kan sínú àpò, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó tèmi ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ tó HE-6 gbé dáadáa, ó sì wá bá mi.

"Ọ̀gá òǹkọ̀wé," ni bàbá wí, "ṣé wàá dá a mọ̀ bí a bá fi aṣọ bò ó?"

"Ẹ bò ó, sà," ni mo fèsì. "Mo mọ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ ohùn ìyàwó mi."

Bàbá kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe wà. Ìgbà mẹ́fà ni ó pààrọ̀ wọn, ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo sì mọ èyí tí ó jẹ́ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó mú mítà rẹ̀ jáde, ó fi ìró kan tí kì í yí padà wọn fóòtì tí ó ń jáde láti inú ẹ̀rọ méjèèjì, ó sì tún wọn ṣe títí tí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò fi tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀. Ó ń sọ owó ẹyọ sókè kí ó tó mọ èyí tí yóò fi sí i, èmi sì ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni a ṣe é. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo gbà á. Ẹni tí ó dití, tí ó kàn ń méfò, yóò gbà tó mẹ́jọ.

N kò lè sọ bí ojú ti tì mí tó. Ohun tí ó dùn mí kì í ṣe owó. Ohun tí ó dùn mí ni pé iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá; etí mi ni ọkọ́ mi, òun náà ni àdá mi. Bí etí náà bá purọ́ fún mi lórí ẹ̀rọ, ṣé kò ti purọ́ fún mi lórí orin náà?

Bàbá náà ni ó tù mí nínú, òun ni ó sì ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún mi. Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, anpilifáyà mi ń dún sókè díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, díẹ̀ tí ènìyàn kò fi lè pè é ní ariwo. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti fi hàn pé etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohùn ní ọgbọọgba: bí ohùn bá ròkè, béèsì a máa hàn sí wa ju bí ó ti ń hàn nígbà tí ohùn bá lọ sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó kàn ròkè díẹ̀ ni etí ń gbọ́ bí ohun tí ó kún, tí ó fẹ̀, tí ó sì jinlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ adùn tí mo kọ, ìwọ̀nba ìyípo bọ́tìnì kan ni ó bí i. Kì í sì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní January 1987, ìwé ìròyìn Stereo Review ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde, tí wọ́n fi anpilifáyà sípíkà tí owó wọn yàtọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní wé ara wọn. Àwọn tí ó fi etí gbọ́ wọn, títí kan àwọn tí ó gbàgbọ́ pé ìyàtọ̀ wà, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ju bí ẹni tí ń méfò lọ.

Kí ni kí á wá pe ọ̀rọ̀ adùn tí a ń sọ nípa ẹ̀rọ? Oríkì ni mo pè é. N kò sì fi oríkì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí akígbe ọba bá pe kábíyèsí ní erin, kò sí ẹni tí yóò lọ mú òṣùwọ̀n wá. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ìyìn ni, wọ́n sì mọ ìdí tí a fi ń yìn ín. Ẹ̀bi oríkì anpilifáyà ni pé kò jẹ́wọ́ pé oríkì ni òun. Ó wọ aṣọ ìwé ẹ̀rí, ó jókòó sí ibi tí ẹlẹ́rìí ń jókòó, olùkọ́ kan sì lọ dá àjọ ọdún méjì nítorí rẹ̀.

Ṣé gbogbo anpilifáyà wá jẹ́ ọ̀kan náà ni? Rárá o. Ibí ni òwe méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti wúlò. Ní 1927, Harold Black, ẹnjiníà ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ronú kan ọgbọ́n kan nígbà tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọgbọ́n náà ni pé kí anpilifáyà máa mú díẹ̀ nínú ohun tí ó ń sọ jáde padà sẹ́yìn, kí ó fi wé ohun tí a rán an, kí ó sì tún àṣìṣe ṣe níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀. Iránṣẹ́ tí ń bẹ̀rù ẹni tí ó rán an níṣẹ́ gan-an nìyẹn. Lórí ọgbọ́n yìí ni a kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ anpilifáyà transístọ̀ òde òní. Àbùkù tí ó ṣẹ́ kù nínú èyí tí ó dára nínú wọn kéré débi pé mítà lè rí i ṣùgbọ́n etí kò lè gbọ́ ọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́.

Anpilifáyà onífáàfù, ìyẹn àwọn gílóòbù tí ń tan iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti inú rédíò àtijọ́, a máa tẹ̀lé òwe kejì. Púpọ̀ nínú wọn a máa fi díẹ̀ tiwọn kún ohùn, èyí tí ó fi kún un a sì máa bá orin mu, débi pé etí lè gbà á bí ọ̀yàyà. Iṣẹ́ ẹrú ni a rán an, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. N kò bá ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jà. Ẹ̀tọ́ ni fún ènìyàn láti bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ nínú àwo tirẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ mọ́ ni kí ó bu iyọ̀ tán kí ó sì máa sọ pé bí ọbẹ̀ náà ti rí nínú ìkòkò nìyẹn.

Ó tún yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ onífáàfù mọ irú hẹ́dífóònù tí yóò bá a lọ. Àwọn onífáàfù kan tí kò ní tiransifọ́mà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde wọn a máa ní ìdènà tiwọn tí ó lè ju 100 óòmù lọ. Irú wọn bá hẹ́dífóònù bíi Sennheiser HD 650 tí ó jẹ́ 300 óòmù mu. Bí a bá fi LCD-X sí ìdí èyí tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 120 óòmù, ìdá kan nínú méje fóòtì ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyókù yóò ṣòfò lójú ọ̀nà. Àwọn kan a máa kìlọ̀ pé ìdènà bẹ́ẹ̀ yóò tún ba béèsì olóòfà pẹlẹbẹ jẹ́. Lórí èyí, wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn bú u. HD 650 ni ìdènà rẹ̀ ń gòkè níbi béèsì, tí irú anpilifáyà bẹ́ẹ̀ fi lè yí béèsì rẹ̀ padà. Ìdènà olóòfà pẹlẹbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba látòkè délẹ̀. Ohun tí yóò pàdánù ni agbára, kì í ṣe ìwà.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn ìwé ìyìn kì í sọ, nítorí pé àwọn tí ń kọ wọ́n kì í gbé àdúgbò wa. Anpilifáyà mi wà lára àwọn tí iná wọn kì í sinmi. Yálà mo ń gbọ́ orin ni o tàbí mo sùn lọ, nǹkan bí 60 wáàtì ni ó ń jẹ, tí ó ń sọ di ooru, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń dé etí mi kò tó wáàtì kan. Bí mo bá fi ínfátà gbọ́ orin fún wákàtí márùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí a kọ sí ara bátìrì 12 fóòtì, 200 Ah, ti lọ nìyẹn, ìyàwó mi kò sì ní ṣàì béèrè ohun tí ó pa fáànù. Ẹ̀yìn LCD-X àti ti HE-6 sì ṣí sílẹ̀ gbayawu: ohun tí ń dún níta ń wọlé, ohun tí ń dún nínú ń jáde. Kí ni èrè owó tí a san nítorí kí ẹ̀rọ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké lábẹ́ fèrèsé? Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó kọ́kọ́ ra gílááàsì fèrèsé tí ó nípọn.

Agbára púpọ̀ léwu pẹ̀lú. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà fi 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ṣe ààlà fún òṣìṣẹ́. Bí a bá ti ń fi 3 kún un, kí á pín àkókò náà sí méjì. Bí ohùn bá dé 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Àbùkù olóòfà pẹlẹbẹ kéré tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ariwo rẹ̀ kì í fi ta etí, ènìyàn kì í sì í mọ ìgbà tí ó ti kọjá ààlà. Ìkọ̀kọ̀ ni etí ń kú.

Gbogbo èyí ni mo gbé sọ fún àbúrò mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ bàbá náà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ kí n ní irú tiyín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, ṣùgbọ́n kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ta ọjà kò lè bínú bí oníbàárà kò bá gbà á gbọ́ nígbà tí ó ní kí ó má rà á. N kò jiyàn. Mo gbé àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe ní 1982 sí i, mo fi LCD-X rẹ̀ sí ìdí anpilifáyà ńlá mi. Híńhín kan wà lábẹ́ orin náà tí n kì í gbọ́ nígbà tí mo bá ń lo HE-6, bọ́tìnì ohùn kò sì ṣeé yí ju bí èékánná lọ kí ariwo tó gba etí, nítorí pé ẹ̀rọ náà lágbára ju ohun tí a so mọ́ ọn lọ. Mo tún gbé e sí ìdí kékeré tí bàbá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Híńhín náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Gìtá onírin Demọ́lá Adépọ̀jù gba òkè kọjá, àwọn gángan ń dá ara wọn lóhùn nísàlẹ̀. Àbúrò mi di ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀gbẹ́ àwo náà tán láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tí ó ṣí ojú, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta kékeré náà. Mo sọ fún un. Ó ka owó náà jáde, ó di ìyókù padà sínú àpò ìwé, ó sì sọ pé káfíńtà yóò wá ní ọjọ́ Ajé. Kí ó tó lọ, ó ní lọ́jọ́ kan, bí Ọlọ́run bá pèsè, òun yóò ṣì ra onífáàfù, nítorí pé òun fẹ́ràn bí iná rẹ̀ ti ń rí lóru. Mo sọ fún un pé ìdí tí ó dára ni, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti mọ̀ pé ìdí náà nìyẹn.

Anpilifáyà ńlá mi ṣì wà lórí tábìlì. N kò tà á. HE-6 ń fẹ́ agbára, ó sì ní in. Ó lẹ́wà lójú, mo sì ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n mo ti pa ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí léèrè nísinsin yìí, mo kọ́kọ́ ń béèrè orúkọ hẹ́dífóònù rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé àti bírò fún ìṣirò, lẹ́yìn náà irú iná tí ó ní nílé. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni a tó ń dé ọ̀rọ̀ adùn, bí àyè bá ṣì kù fún un.